Àwa La Ni Ìtàn, Ta Ló Ni Ìkànnì?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré àti àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá lóde òní. Wọ́n ní òmìnira ti dé. Wọ́n ní ayé ti kọjá èyí tí ẹnì kan yóò jókòó sí ọ́fíìsì, tí yóò máa pinnu ìtàn tí aráyé yóò gbọ́ àti èyí tí wọn kò ní í gbọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù àti dátà lè jókòó sí yàrá kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kí ó sì sọ ìtàn tirẹ̀ fún gbogbo àgbáyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Apá kejì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ayálégbé lè kun ilé ní ọ̀dà tó wù ú, ó lè gbé àga olówó ńlá sí pálọ̀, ó sì lè máa pe àwọn ará àdúgbò wá jẹun lójoojúmọ́. Gbogbo èyí kò sọ ọ́ di onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sí lára àwọn tó ń fojú tín-ín-rín eré orí ayélujára, tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ilẹ̀kùn ńlá ló ṣí. Ẹ wo Mr Macaroni. Ẹ wo Taaooma, ọmọbìnrin tó máa ń fúnra rẹ̀ ṣe ìyá, ṣe bàbá, tó tún ń ṣe ọmọ nínú eré kan ṣoṣo. Eré ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n ń gbé sórí ayélujára ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, ta ni ìbá gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìbá ní kí wọ́n lọ wá onígbọ̀wọ́ wá. Mákẹ́tà ìbá ní kí wọ́n lọ mú òṣèré tó ti lórúkọ wá. Nítorí náà, mo kan sáárá sí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìbéèrè mi ni pé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó rò pé ìran tiwa ló kọ́kọ́ sọ ìtàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti gbàgbé àwọn tó ṣáájú. Ní 1929, Isaac Babalọlá Thomas, ẹni tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó tó sì tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde. Obìnrin náà ń ròyìn ìgbésí ayé fàájì tó gbé nílùú Èkó, ó sì ń kẹ́dùn lórí ibi tí ó já sí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Nígbà tí ó di 1930, ìtàn náà di ìwé, àwọn onímọ̀ kan sì ń pè é ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ kíyè sí ètò rẹ̀: òun ló ni ìtàn, òun ló ni ìwé ìròyìn tí ìtàn ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ náà ni ìtàn ti kọjá sínú ìwé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Hubert Ògúǹdé, tó ti ṣe olùkọ́ àti ọlọ́pàá rí, dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Òun ló ń kọ eré, òun ló ń kọ orin, òun ló ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ sọ́kọ̀ láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó gbé Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ lábẹ́ ìjọba wọn. Kí ni bàbá ṣe? Ó fi eré mìíràn dá wọn lóhùn, Òtítọ́ Korò, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbi tí apá òfin náà kò dé. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Ìjọba ti gbọ̀ngàn mọ́ Ògúǹdé lójú, ṣùgbọ́n wọn kò rí eré gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé òun ló ni eré, òun ló ni ẹgbẹ́, òun ló sì mọ ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran rẹ̀. Nígbà tó di ayé sinimá, tó ṣe Aiyé ní 1979, àṣà ìgbà náà ni pé kí onífíìmù gbé fíìmù rẹ̀ lọ sí ìlú, kí ó gba gbọ̀ngàn, kí ó sì dúró ti owó ẹnu ọ̀nà. Wàhálà ni. Ṣùgbọ́n onífíìmù mọ iye ènìyàn tó wọlé, ó sì mọ iye tó délé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ fíìmù sínú kásẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ rántí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlà tí gbogbo wa mọ̀. Ó náwó nára sórí Ọ̀run Móoru ní 1982, ó sì jẹ gbèsè lé e lórí. Kí ó tó rí owó rẹ̀ kó padà, àwọn olè àdàkọ ti ń ta kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà kiri ìgboro. Ẹni tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ èrè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mákẹ́tà Ìdúmọ̀tà gba ọjà. Mákẹ́tà ló ní owó, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló mọ àwọn tó ń rà lọ sí ìlú òkèèrè. Onífíìmù a gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, mákẹ́tà a ka owó kan fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di òkú ọ̀rọ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì tàbí síìdì náà tà fún ogún ọdún, ti mákẹ́tà ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Onífíìmù ru ẹrù títí ọrùn rẹ̀ fi wọ̀, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ tí àwọn tó ń pariwo òmìnira kò fẹ́ kí a sọ nìyí: mákẹ́tà kò kú. Ó kàn kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò ní Ìdúmọ̀tà ni, ó sì lọ ṣí i sórí YouTube. Púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì tí ẹ ti ń wo fíìmù Yorùbá kì í ṣe ti àwọn tó ṣe fíìmù náà. Oníṣòwò tó ní ìkànnì a ra fíìmù pátápátá, a gbé e sórí afẹ́fẹ́, a sì máa jẹ èrè rẹ̀ lọ. Bébà àdéhùn, níbi tí ó bá tilẹ̀ wà, kì í ju ojú ìwé kan lọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì ju pé onífíìmù ti gba owó rẹ̀ pé, kò ní ohunkóhun í bèèrè mọ́ títí ayé.

Kí a lè mọ ohun tí onífíìmù ń sọ nù, ó yẹ kí a mọ bí owó náà ṣe ń rìn. YouTube ń gba ìpolówó ọjà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, ó sì ń gbé e sí iwájú àti àárín fíìmù. Nínú owó tí ìpolówó orí fíìmù gígùn bá mú wọlé, ìdá 55 nínú 100 jẹ́ ti ẹni tó ni ìkànnì, ìdá 45 sì jẹ́ ti YouTube. Kí ìkànnì onífíìmù gígùn tó lè máa gba owó yìí, ó gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kí àwọn ènìyàn sì ti wo ohun tó wà lórí rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín ọdún kan. Owó náà kì í jáde àfi tó bá pé 100 dọ́là. Ohun mìíràn tó yẹ kí a mọ̀ ni pé owó kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Ìpolówó tí Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston wò máa ń mówó wọlé ju èyí tí ẹni tó wà ní Adó-Èkìtì wò lọ, nítorí pé àwọn apolówó ibẹ̀ ń san jù. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, tí àárò ilé ń sọ, tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá, àwọn ni kànga tí owó yìí ti ń sun. Fíìmù kì í sì í jẹrà bí iṣu. Èyí tí wọ́n gbé sókè lónìí lè máa pa owó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí gbogbo wa ń fi ojú rí. Kò sí ọdún kan tí a kì í rí fídíò àgbà òṣèré kan tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ń bẹ aráyé pé kí wọ́n ṣàánú òun, tí nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀ fídíò náà. A ó káàánú, a ó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, a ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà a ó ṣí YouTube, a ó sì wo fíìmù tí àgbà yìí kan náà ti ṣe ọba, ṣe babaláwo tàbí ṣe ìyá àgbà, tí ìpolówó ọṣẹ àti ti báǹkì ń já lu ara wọn lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé YouTube kò sanwó. Ó sanwó. Ẹlòmíràn ló ń gbà á. Ẹni tó ń tọrọ owó oògùn lórí fóònù kan náà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń pa dọ́là fún ẹlòmíràn, ṣé ẹni náà ni a ó máa kí pé ó kú oríire òmìnira?

Mo mọ ohun tí àwọn tó ni ìkànnì yóò sọ, n kò sì ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Wọn yóò ní àwọn náà ń dá owó lé ewu. Wọn yóò ní kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń pa owó, pé èyí tó bá wọlé ló ń gba èyí tó wọ́ là. Wọn yóò ní onífíìmù tó jẹ gbèsè, tí àwọn òṣèré àti oníkámẹ́rà ń dúró de owó iṣẹ́ wọn, kò lè dúró de dọ́là tí yóò máa kán tó-tó-tó. Òótọ́ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa lè yá ẹlòmíràn lóko dá fún ọdún mẹ́ta, kò di dandan kí ó ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí ewu bá jẹ́ ti oníkànnì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun ni yóò kọ́kọ́ kó owó rẹ̀ pẹ̀lú èrè díẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa pín ìyókù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Òfin ilẹ̀ wa kò tako irú ètò bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n orí, èyí tí a mọ̀ sí Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, wà nílẹ̀. Ó sọ pé gbígbé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ó gbà kí ènìyàn gbé apá kan ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú ìyókù dání, tàbí kí ó dá gbèdéke ọdún sí i. Ó fún oníṣẹ́ láṣẹ láti béèrè pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí gbé kúrò lórí ayélujára. Ó tilẹ̀ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré lórí eré tí wọ́n bá ṣe. Ohun tó kù ni kí àwa náà ka ohun tí a ń fọwọ́ sí. Onífíìmù tó lè fi oṣù mẹ́ta wá ẹni tí yóò rán aṣọ ọba inú eré, kò yẹ kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta fọwọ́ síwèé tó ta eré náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò bá òun wí, nítorí pé òun ni ìkànnì tirẹ̀. Ìwọ sàn ju ẹni tó tà pátápátá lọ, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìwọ náà kọ́lé sí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà 2021, ìjọba Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn Twitter pa, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìn-ín-ní 2022. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fi oṣù méje dákẹ́ láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Vine, tí àwọn aláwàdà kárí ayé fi eré ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà gbajúmọ̀ lórí rẹ̀, kógbá wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, nítorí pé àwọn tó ni ín kò fẹ́ mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, Amazon kéde pé òun kò ní náwó sórí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti ń fi ibẹ̀ sọ̀rètí nù lé lọ́wọ́. Lórí YouTube fúnra rẹ̀, ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ mẹ́ta láàárín 90 ọjọ́ tó láti mú kí wọ́n pa ìkànnì rẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ wá. Wọ́n ń ṣe òwò tiwọn ni. Àwa la ń pe òwò olówó ní ogún baba wa.

Nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, mo ti rí irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí yí ìkànnì ayélujára rẹ̀ padà, ìròyìn ọ̀pọ̀ ọdún sì pòórá mọ́jú ọjọ́ kejì. Àwọn tí mo lè fi hàn pé mo kọ lónìí ni àwọn tí mo fi sáàsì gé láti inú bébà, tí mo kó sínú fáìlì.

Ohun kan tún wà tó burú ju owó lọ. Nọ́ńbà iye ènìyàn tó wo fíìmù ti ń di mákẹ́tà tuntun. Nítorí pé fíìmù ìyá ọkọ tó ń lé ìyàwó kiri pa owó lóṣù tó kọjá, ogún irú rẹ̀ ni a ó rí lóṣù yìí, àwọn òṣèré kan náà, ilé kan náà, àga kan náà. Ta ló wá ni ìtàn náà? Ẹni tó bá sọ ìtàn tí kò gbà gbọ́ nítorí pé ẹ̀rọ fẹ́ ẹ kò tíì gba òmìnira. Kì í ṣe irú ọ̀nà yìí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Túndé Kèlání gbà fún wa ní Ó Le Kú àti Ṣaworoidẹ. Ìtàn tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí a gbọ́ ni wọ́n sọ, àwa náà sì gbọ́, a sì ń gbọ́ ọ dòní.

Kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí onífíìmù má ta iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá mọ́. Kí ó yá oníkànnì lò fún ọdún tó níye, kí ó sì kọ iye ìdá tirẹ̀ àti ti àwọn òṣèré àgbà sínú ìwé. Ìkejì, kí ó tọ́jú ojúlówó fíìmù rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, níbi tí kò ní sí lábẹ́ àṣẹ oníkànnì kankan. Ìkẹta, kí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ láti kàn sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe nọ́ńbà fóònù, ìbáà ṣe àdírẹ́sì ímeèlì, kí ó lè pè wọ́n síbòmíràn bí ilẹ̀kùn kan bá tì. Ìkẹrin, kí ó fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́, kí ẹ̀rí má bàa ṣòro bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ìpè mi sí ẹgbẹ́ TAMPAN, tí àwọn òṣèré àti onífíìmù Yorùbá ń pé jọ sí, sì rọrùn. Ẹ pe àwọn amòfin, kí ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn kan ní èdè Yorùbá tó já gaara, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ohun tó rẹlẹ̀ sí i ń ba ọjà jẹ́ fún gbogbo yín ni. Ẹgbẹ́ tó lè kó ara jọ ṣe òkú òṣèré ní ìṣe ẹ̀yẹ lè kó ara jọ ṣe ètò tí òṣèré yóò fi jẹun kí ó tó kú.

Ẹ̀yin òǹwòran náà, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Kí ẹ tó tẹ fíìmù kan, ẹ wo orúkọ ìkànnì. Bí onífíìmù bá ní ìkànnì tirẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ má gba fíìmù tí wọ́n jí gbé lórí Telegram, kí ẹ tún máa sọ pé ẹ fẹ́ràn òṣèré náà. Ìfẹ́ tó ń jẹ oníṣẹ́ lówó kì í ṣe ìfẹ́.

Akéde Èkó kò sí lórí àtẹ mọ́ lónìí, ẹni tó dá a sílẹ̀ sì ti lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé Thomas kò fi ìtàn Sẹ̀gilọlá mọ sójú ìwé ìròyìn nìkan, tó di ìwé tí a lè tọ́jú, wọ́n tún un tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń kà á. Kí onífíìmù kọ̀ọ̀kan jókòó lálẹ́ òní, kí ó bi ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti YouTube pa lọ́la, mélòó nínú iṣẹ́ òun ni yóò kù lọ́wọ́ òun. Bí ìdáhùn bá jẹ́ òfo, kí ó má ṣe fíìmù mìíràn kí ó tó wá ìwé àdéhùn rẹ̀ jáde, kí ó sì kà á.